Screensaver òjò dídì ọ̀fẹ́ fún Kérésìmesì: èwo ni kò léwu?

ÌyáSẹ́ńtà_Ojúẹlẹ́gba

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹ kú ìmúra ọdún.

Bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ni mo ní nítòsí Ojúẹlẹ́gba: fọ́tókọ́pì, ìtẹ̀wé, fọ́ọ̀mù JAMB, títẹ NIN jáde, àti kíláàsì kọ̀ǹpútà fún àwọn ọmọdé nígbà họ́lídè. Kọ̀ǹpútà mẹ́rin ló wà níwájú. Windows 10 ni méjì, Windows 11 ni méjì, kò sí èyí tí RAM rẹ̀ ju 4GB lọ nínú wọn.

Mo ń wá screensaver òjò dídì, irú èyí tí òjò funfun á máa rọra bọ́ sílẹ̀ lójú sikirínì nígbà tí kò bá sí ẹni tó ń lò ó. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ò rí òjò dídì rí àfi nínú fíìmù, mo sì fẹ́ kó jẹ́ ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ rí bí wọ́n bá ti ń wọlé. Mo wá a lórí Google, ó pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, gbogbo wọn ló ní ọ̀fẹ́ ni àwọn. Oníbàárà mi kan tún fi ọ̀kan ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mi ò tíì ṣí i.

Ìwé àwọn èèyàn wà lórí kọ̀ǹpútà wọ̀nyí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń ṣọ́ra. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀, èwo ni kí n mú? Ṣé kò ní mú kọ̀ǹpútà lọ́ra? Iná ńkọ́? Láti ọ̀sán lọ, orí ínfátà la máa ń wà.

Ọmọ_Ọ̀tígbà

Ẹ kú iṣẹ́ o, màmá. Èyí tó wá lórí WhatsApp yẹn, ẹ má ṣí i. Ẹ pa á rẹ́ lórí fóònù, bí ẹ bá sì ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà, ẹ pa á rẹ́ níbẹ̀ náà, kí ẹ tó ka ìyókù ohun tí mo fẹ́ wí.

Ètò kọ̀ǹpútà gidi ni screensaver tí wọ́n ṣe fún Windows, bí Word àti Chrome ṣe jẹ́ ètò. Orúkọ fáìlì rẹ̀ máa ń parí sí .scr, àmọ́ ohun tó wà nínú .scr àti ohun tó wà nínú .exe, ọ̀kan náà ni. Ó lè ka fáìlì yín, ó lè pa á rẹ́, ó lè fa nǹkan mìíràn wọlé láti íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì lè máa ṣọ́ gbogbo ohun tí ẹ bá tẹ̀ lórí kíbọọ̀dù. Òjò á ṣáà máa rọ̀ lójú sikirínì ní gbogbo àkókò yẹn, inú yín á sì máa dùn sí i.

Ọgbọ́n tí àwọn ọ̀bàyéjẹ́ sì ń lò rèé. Bí Windows ṣe wà láti ilé iṣẹ́, ó máa ń fi ìparí orúkọ fáìlì pamọ́. Ẹ ó rí Keresimesi.jpg, ẹ ó rò pé fọ́tò ni, kó sì jẹ́ pé Keresimesi.jpg.scr ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Torí náà, kí ẹ tó wá òjò dídì kankan, ẹ ṣí File Explorer, ẹ lọ sí View. Lórí Windows 11, ẹ tẹ Show, kí ẹ wá máàkì File name extensions. Lórí Windows 10, inú View yẹn náà ló wà. Ẹ ṣe é lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Lọ́dọọdún, bí Jánúárì bá ti wọlé, a máa ń gba kọ̀ǹpútà tí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ ti bàjẹ́ níbí fún àtúnṣe. Ìpolówó ọjà á máa yọ lójú sikirínì láì sí ẹni tó pè é, ojú ìwé àkọ́kọ́ bùráúsà á ti yí padà, ẹni tó ni ín á sì ní òun ò fi nǹkan kan síbẹ̀ ju nǹkan ọdún lọ.

Àbúrò_Ṣómólú

Ẹ̀gbọ́n Ọ̀tígbà, ṣé antivirus, ètò tó ń mú fáìlì burúkú, ò ní mú un ni? Defender tó bá Windows wá wà lórí tèmi. Mo sì rí i pé bí mo bá fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ fáìlì .scr, Windows máa ń gbé Test, Configure àti Install wá. Ṣé èèyàn ò lè kọ́kọ́ fi Test yẹn dán an wò ná?

Ọmọ_Ọ̀tígbà

Àbúrò, ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà gan-an lo bi mí yẹn. Test kì í yẹ fáìlì wò bóyá ó mọ́. Ńṣe ló ń jẹ́ kí ètò náà ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Bí ohun burúkú bá wà nínú rẹ̀, ó ti wọlé nìyẹn.

Defender dára, ẹ má pa á. Ṣùgbọ́n fáìlì tuntun tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí rí lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Bó bá jẹ́ dandan pé .scr lẹ fẹ́, ẹ lọ gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é, lórí ojúlé tirẹ̀. Ẹ yẹra fún àwọn ojúlé tó kó gbogbo nǹkan ọ̀fẹ́ jọ, tí bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé gbàgìdì mẹ́ta á wà lójú ìwé kan ṣoṣo, tí méjì nínú wọn á sì jẹ́ ìpolówó. Bí ẹ bá ti dáónlóòdù rẹ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ gbé e lọ sí VirusTotal, ojúlé kan tó ń yẹ fáìlì wò, tó ti wà láti 2004, tó sì wà lábẹ́ Google láti 2012. Antivirus tó lé ní 60 ló máa bá yín yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan náà, lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wo Properties rẹ̀ bóyá Digital Signatures wà níbẹ̀ àti orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i. Bó bá jẹ́ irú èyí tó ní ètò ìfisórí (installer), ẹ mú Custom, kí ẹ yọ gbogbo nǹkan àfikún tó bá ti máàkì sílẹ̀ dè yín.

Màmá, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá wí níbí: ẹ má gbé ìwé oníbàárà lọ sí VirusTotal láé. Ohun tí èèyàn bá gbé síbẹ̀, wọ́n máa ń pín in fún àwọn ilé-iṣẹ́ ààbò tó ń bá wọn ṣiṣẹ́. Fáìlì tí ẹ dáónlóòdù ni kí ẹ gbé lọ, kì í ṣe NIN ẹlẹ́ni.

Ohun kan tún kù. Ní ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà 2025 ni Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ààbò ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró, àfi fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún àkókò. Lórí méjì tó jẹ́ Windows 10 yẹn, ẹ má fi .scr àjèjì kankan sí i rárá.

BàbáMàrínà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làálàá. Yàrá kọ̀ǹpútà báǹkì kan ní Màrínà ni mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, nígbà tí gbogbo sikirínì ṣì wúwo, tó jẹ́ pé ẹni méjì ló ń gbé e gun òkè. CRT la ń pè é. Wọ́n kun èròjà kan tí wọ́n ń pè ní phosphor sí inú gíláàsì rẹ̀, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù á máa gbá a láti ẹ̀yìn, ìyẹn ló fi ń tàn. Bí àwòrán kan náà bá dúró lójú kan fún oṣù mélòó kan, ibi tó ń tàn jù á gbó ju ibòmíràn lọ, àpá rẹ̀ ò sì ní lọ mọ́. Sikirínì kan wà ní kàǹtà wa: bí a bá pa á tán, tí kò sí iná kankan nínú rẹ̀, èèyàn ṣì lè ka ACCOUNT NUMBER lójú rẹ̀ ketekete.

Ìdí tí wọ́n fi dá screensaver sílẹ̀ nìyẹn, kí nǹkan kan ṣáà máa rìn lójú gíláàsì. Nígbà tó di 1989, ilé-iṣẹ́ Berkeley Systems ní Amẹ́ríkà gbé After Dark jáde, ẹ̀rọ ìyan-búrẹ́dì tó níyẹ̀ẹ́ ló ń fò kọjá nínú rẹ̀, láti ìgbà yẹn ni àwọn èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣe ẹ̀ṣọ́. Mo tiẹ̀ nífẹ̀ẹ́ sí èyí tí Yunifásítì California ní Berkeley ṣe ní 1999, SETI@home. Bí kọ̀ǹpútà bá ti ń sinmi, á máa bá àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì yẹ ìgbì rédíò tó wá láti ojú sánmà wò, bóyá àwọn ẹ̀dá kan wà níbẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀. Ó ṣiṣẹ́ títí di 2020.

Sikirínì LCD tí ẹ ń lò lónìí ò ní phosphor yẹn. Kò nílò ààbò òjò kankan. OLED ló ṣì máa ń ní àpá, ìyẹn sì wà nínú fóònù àti tẹlifíṣọ̀n olówó ńlá ju ti bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà lọ. Torí náà, ìyàwó wa ní Ojúẹlẹ́gba, ẹ̀wà lẹ ń wá. Kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan ṣì wà tí screensaver ń ṣe tí mo fẹ́ kí ẹ mú ní dandan. Ẹ tẹ "screen saver" sínú àpótí ìwákiri Start, ẹ ṣí ibi tí ẹ ti ń tò ó. Ẹ ó rí àpótí kékeré kan tí wọ́n kọ "On resume, display logon screen" sí. Ẹ máàkì rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tí ẹ fi ń ṣe iṣẹ́ oníbàárà, kí ẹ sì fi ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí márùn-ún sí Wait. Bí ẹ bá dìde lọ gbé ìwé lẹ́nu ẹ̀rọ, tí ojú ìwé NIN ẹnì kan ṣì ṣí sílẹ̀, ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì ò ní lè kà á. Láti 2023 ni a ti ní òfin ìdáàbòbò dátà ní Nàìjíríà, ó sì kan ẹni tó ń tẹ ìwé ẹlẹ́ni jáde ní ṣọ́ọ̀bù bó ṣe kan báǹkì. Bí ẹ ò bá fẹ́ dúró de ìṣẹ́jú kankan, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú L, á tì lójú ẹsẹ̀.

Oníná_Mùṣin

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Màmá bèèrè iná, kò tíì sí ẹni tó dá wọn lóhùn, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀.

Sikirínì LED íǹṣì 22 sí 24 máa ń jẹ bíi wáàtì 20 sí 30. Ẹ jẹ́ ká mú 25. Mẹ́rin jẹ́ 100. Bí òjò dídì bá ń rọ̀ lójú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún wákàtí mẹ́rin láì sí ẹni tó jókòó síwájú wọn, 400 wáàtì-wákàtí ti lọ. Bátìrì ínfátà 12V 200Ah ní 2400 lórí ìwé, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ bátìrì ásíìdì, kò yẹ kí èèyàn lò ó kọjá ìdajì bí kò bá fẹ́ kó tètè kú. Ó di 1200. Ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ ti bá òjò lọ, a ò sì tíì ka àpótí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, tí kò ní lè sùn tí òjò bá ń rọ̀.

Àwọn kan máa ní òru ló wà lẹ́yìn òjò náà, sikirínì á dúdú, iná á dín kù. Kò rí bẹ́ẹ̀ lórí LCD. Iná ẹ̀yìn rẹ̀ ń tàn bákan náà, ì báà jẹ́ dúdú ì báà jẹ́ funfun ló wà lójú rẹ̀. Ohun tó ń dín in kù ni kí ẹ fa brightness wálẹ̀.

Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, èyí tó kọjú sẹ́nu ọ̀nà, ni kó máa gbé òjò. Ẹ jẹ́ kí mẹ́ta tó kù kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí NEPA bá mú iná wá, ẹ lè tan gbogbo rẹ̀.

Tíṣà_ÈbútéMẹ́ta

Ẹ̀gbọ́n Oníná, ìṣírò yín pé, mo sì máa gbé e lọ sí kíláàsì. Àwọn ọmọ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ẹ dákun, ẹ wo òjò dídì yẹn dáadáa kí ẹ tó mú un, torí púpọ̀ nínú àwọn ọ̀fẹ́ yìí ló ya ohun tí kò sí láyé. Mo ti rí èyí tó ní ẹ̀ka mẹ́jọ, mo ti rí oní-márùn-ún. Ẹ̀ka mẹ́fà ni òjò dídì ní. Bí omi bá ń dì, àwọn mólékúùlù rẹ̀ máa ń di ara wọn mú ní igun mẹ́fà-mẹ́fà, ibẹ̀ ni gbogbo ẹwà rẹ̀ ti wá. Àgbẹ̀ kan wà ní ìlú Jericho ní Vermont, Wilson Bentley, tó so kámẹ́rà mọ́ maikirosíkóòpù, tó sì ya àwòrán èérún òjò dídì kan ṣoṣo ní ọjọ́ 15 oṣù Jánúárì 1885. Kó tó kú ní 1931, ó ti ya ju 5000 lọ. Ní Japan, Ukichiro Nakaya ṣe tirẹ̀ nínú yàrá ìwádìí ní Hokkaido ní 1936, ó sì fi hàn pé bí òtútù àti ọ̀rinrin bá ṣe rí ni ìrísí rẹ̀ ń rí. Ní bíi −5°C, ó máa ń gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́. Ní bíi −15°C ló máa ń yọ ẹ̀ka rẹpẹtẹ bí èyí tí a ń rí lára káàdì Kérésì.

Ẹ wo ìyára rẹ̀ náà. Ìkán òjò ńlá tiwa níbí lè sáré tó mítà 9 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Òjò dídì ò ju bíi mítà kan sí méjì lọ. Bí ẹ bá ri screensaver tí òjò dídì rẹ̀ ń já wálẹ̀ wàrà wàrà bí òjò oṣù kẹfà, ẹ lọ sí Settings rẹ̀ kí ẹ dín speed kù. Ó gbọ́dọ̀ máa rọra fì sọ́tùn-ún sósì.

Àwọn ọmọ á sì bi yín pé kí ló dé tí kì í rọ̀ ní Èkó. Ẹ má sọ pé torí pé Áfíríkà ni wá. Yìnyín wà lórí Kilimanjaro ní Tanzania, ibẹ̀ sì sún mọ́ ìlà agbedeméjì ayé jù wá lọ. Gíga ni. Bí èèyàn bá gòkè kìlómítà kan, ooru á dín kù ní bíi 6.5°C. Ẹ kọ ọ́ sí bọ́ọ̀dù: bó bá jẹ́ 30°C ní etí òkun Èkó, tí a wá lọ sókè mítà 5895, tó jẹ́ gíga Kilimanjaro, ó dín bíi 38. Ó ku nǹkan bíi −8. Àwọn ọmọ prámárì márùn-ún tèmi ló ṣe ìṣirò yẹn fúnra wọn, ariwo tí wọ́n pa nígbà tí èsì di òǹkà tó wà lábẹ́ òdo, wọ́n gbọ́ ọ ní kíláàsì kejì.

Kóòdù_Yábà

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Tíṣà ti ṣílẹ̀kùn fún ohun tí mo fẹ́ sọ. Màmá, ẹ ní kíláàsì kọ̀ǹpútà lẹ ń ṣe. Kí ló dé tí àwọn ọmọ ò ní fọwọ́ ara wọn ṣe òjò náà?

Scratch ni kí ẹ lò, ètò tí àwọn ọmọdé fi ń kọ́ bí a ṣe ń kọ kóòdù. Ilé ẹ̀kọ́ MIT ní Amẹ́ríkà ló gbé e jáde ní 2007, ọ̀fẹ́ ni títí dòní, ẹ sì lè dáónlóòdù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kó máa ṣiṣẹ́ láì sí dátà. Kò sí .scr kankan níbẹ̀, kò sí àjèjì. Mo ti fi kọ́ àwọn ọmọ, ẹ wo bó ṣe ń lọ.

Ẹ kun ẹ̀yìn pèpéle (stage) ní búlúù dúdú. Ẹ ní kí ọmọ ya èérún òjò dídì funfun kan, ẹ̀ka mẹ́fà gẹ́gẹ́ bí Tíṣà ṣe wí. Pèpéle Scratch gùn láti −240 dé 240 ní ìbú, láti −180 dé 180 ní òró. Lábẹ́ àsíá aláwọ̀ ewé, ẹ fi hide sí i, kí ẹ wá fi forever sí i. Inú forever ni create clone of myself máa wà, pẹ̀lú wait 0.1 seconds. Ìyẹn ni pé ní ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá, èérún kan á bí èérún mìíràn.

Lẹ́yìn náà, when I start as a clone. Ẹ gbé e lọ sí òkè pátápátá, y 180, kí x jẹ́ pick random −240 to 240, kí wọ́n má baà jáde níbì kan náà. Ẹ fún un ní ìwọ̀n: set size to pick random 10 to 40. Show. Ẹ wá lo repeat until y position < −170, kí change y by −2 àti change x by pick random −1 to 1 wà nínú rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló ń jẹ́ kó máa fì. Bó bá dé ìsàlẹ̀, delete this clone. Mo ní −170 torí pé Scratch kì í jẹ́ kí nǹkan jáde tán lójú pèpéle. Bí ọmọ bá fi −200 síbẹ̀, èérún ò ní dé ibẹ̀ láé, gbogbo wọn á kóra jọ sí ìsàlẹ̀, òjò á sì dá.

Ìdí tí á fi dá ni pé Scratch ò gba ju clone 300 lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣírò ìyẹn pẹ̀lú. Láti 180 dé −170 jẹ́ ìrìn 350. Bó bá ń rin 2 lẹ́ẹ̀kan, ìgbésẹ̀ 175 ni, ìgbésẹ̀ 30 ni Scratch sì ń gbé ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà ni èérún kan máa fi wà láyé. Bí mẹ́wàá bá ń jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, 60 péré ló máa wà lójú sikirínì. Kọ̀ǹpútà 4GB yín á gbé e láì mí.

Èyí tó bá dàgbà díẹ̀ nínú wọn, ẹ sọ fún un pé kó jẹ́ kí èérún ńlá máa yára ju kékeré lọ. Ohun tó sún mọ́ wa la máa ń rí bí ẹni pé ó tóbi, tó ń sáré. Bí ó bá ti ṣe ìyẹn, ojú sikirínì á jìn wọnú lọ, ọmọ náà á sì mọ̀ pé òun lòun ṣe é.

Àbúrò_Ṣómólú

Ẹ̀gbọ́n Kóòdù, èyí wú mi lórí gan-an. Ṣùgbọ́n Scratch ò lè dá bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ bí èèyàn bá dìde, ẹnì kan gbọ́dọ̀ tẹ àsíá. Fún èyí tó máa dá wá, Windows ti ní screensaver kan tí wọ́n ń pè ní Photos. Kò sí òjò dídì nínú àwọn tó bá Windows wá: Bubbles, Mystify, Ribbons, 3D Text, Blank àti Photos ni wọ́n. Ẹ kó àwòrán òjò dídì sínú fódà kan, ẹ lọ sí Settings Photos, ẹ nawọ́ sí fódà yẹn, ẹ máàkì Shuffle pictures. Kò ní máa rọ̀, àwòrán á kàn máa yí ni. Àmọ́ kò sí ohun àjèjì tó wọ kọ̀ǹpútà, a sì lè máàkì ìlẹ̀kùn pásíwọọ̀dù tí bàbá sọ lórí rẹ̀.

Ìwọ̀n 1366 sí 768 ni ti ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù wa. Ẹ wo tiyín ní Display kí ẹ tó gé àwòrán, kó má baà fẹ̀ gbàràgàdà. .jpg gidi ni kó jẹ́ o. Ẹ ti fi ìparí orúkọ fáìlì hàn báyìí, ẹ ó rí i.

Pẹ́ńgúìn_Bàrígà

Ìka tó bá tọ́ sí imú la fi ń ro imú. Kọ̀ǹpútà Windows 10 méjì yẹn, bí ẹ bá rò ó títí tí ẹ gbé Linux Mint, ètò ọ̀fẹ́ tó ń rọ́pò Windows, sórí ọ̀kan, xsnow wà, ètò òjò dídì ni. Ní 1984 ni Rick Jansen kọ́kọ́ ṣe é fún Macintosh gẹ́gẹ́ bíi káàdì ìkíni, ó sì gbé e dé X11, ètò tó ń gbé fèrèsé hàn lórí irú Linux bẹ́ẹ̀, ní 1993. Ẹ ṣí Terminal, ẹ tẹ `sudo apt install xsnow`, lẹ́yìn náà ẹ tẹ `xsnow`. Òjò dídì á máa rọ̀ sórí dẹ́sítọ́ọ̀pù nígbà tí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ lọ, á sì máa kóra jọ sórí etí òkè fèrèsé tí ẹ ṣí. Bàbá Kérésì á máa kọjá nínú ọkọ̀ rẹ̀. Láti inú àpótí ètò Mint fúnra rẹ̀ lẹ ti gbà á, kò sí ojúlé àìmọ̀ kankan.

Ẹ má sọ kọ̀ǹpútà oníṣẹ́ di Linux nítorí òjò o. Bí ẹ bá ti ní in lọ́kàn tẹ́lẹ̀ ni mo ń wí.

ÌyáSẹ́ńtà_Ojúẹlẹ́gba

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Bàbá, mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ fún ọ̀rọ̀ yín nípa ìwé oníbàárà, mo ti máàkì àpótí yẹn lórí kọ̀ǹpútà kàǹtà, ìṣẹ́jú mẹ́ta. Mo ti pa fáìlì WhatsApp yẹn rẹ́, mo sì pe ẹni tó fi ránṣẹ́ kó má fún ẹlòmíràn mọ́. Photos ló wà lórí méjì, ọ̀kan ń kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, Scratch sì wà lórí èyí tó kọjú sẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan ló parí tirẹ̀ ṣáájú, ó fi tirẹ̀ sí àwọ̀ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ dípò funfun, ó ní òjò dídì Sùúrùlérè nìyẹn.

Ìbéèrè kan ló kù. Mo gbé Scratch náà kún gbogbo ojú sikirínì, ó ń rọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n bó bá ṣe díẹ̀, sikirínì á kú. Ṣé òjò náà ló ń dà á láàmú?

Kóòdù_Yábà

Rárá o, màmá. Windows ló rò pé kò sí ẹnì kankan nídìí rẹ̀, torí pé ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan máòsì. Ẹ lọ sí Settings, System, Power, kí ẹ sún àkókò tí sikirínì fi ń kú síwájú, ẹ fi wákàtí kan sí i. Ẹ sún ti Sleep náà síwájú. Lórí kọ̀ǹpútà yẹn nìkan, ẹ mú None níbi screensaver, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ Photos á bo òjò àwọn ọmọ mọ́lẹ̀. Torí pé kò ní dá tì mọ́, ẹ má ṣí ìwé oníbàárà kankan lórí rẹ̀.

Tíṣà_ÈbútéMẹ́ta

Màmá, bí ọmọ náà àti òbí rẹ̀ bá gbà, ẹ bá wa gbé fáìlì Scratch rẹ̀, èyí tó ń parí sí .sb3, síbí. Àwọn tèmi fẹ́ rí òjò dídì Sùúrùlérè yẹn, wọ́n á sì ṣe ti Èbúté Mẹ́ta.

Ọmọ_Ọ̀tígbà

.sb3 ò burú. Inú Scratch nìkan ló ti ń ṣí, kò lè dá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ bíi .scr. Ẹ ṣáà wo ìparí orúkọ rẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.